Òrí Ṣáájú Abẹ

Ọyẹ́ dé sí Pàkátà.
Òrí tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Òkè-Òde
gan sínú agolo bí ẹni ń bínú.
Mo fi èékánná họ díẹ̀,
mo gbo ó láàárín àtẹ́lẹwọ́
títí ó fi yọ́, tí òórùn rẹ̀ gba yàrá.

Bàbá mi, Súbéérù onígbàjámọ̀,
gbé àgbọ̀n sókè.
Ọwọ́ tó fá orí ọmọ tuntun gbogbo agboolé wa
ló ń gbọ̀n lórí itan yìí.

"Má kánjú.
Irùngbọ̀n tí kò bá mu òrí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò mu.
Pa á gòkè, pa á sọ̀kalẹ̀,
ṣe súbúháná mẹ́tàlélọ́gbọ̀n
kí o tó mú abẹ."

Mo ń kà á.
Iye dàrú mọ́ mi lójú ní mọ́kàndínlógún,
torí ojú tí mo ń sá fún ní kékeré
ti rọ̀ lábẹ́ ìka mi.

Abẹ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Ìdí etí nìkan ló ta ẹ̀jẹ̀ díẹ̀,
ibi tí mo gbàgbé.

Bàbá kò sọ nǹkan.
Wọ́n kàn na ọwọ́ sí agolo.