Ìlà Kẹtàdínlógún

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù igba ó lé mẹ́rin,
bírò mẹ́ta, ẹṣin àyálò kan tó ń tiro,
wọ́n ní kí n gun òkè Naryn lọ sí Ṣoro-Bulak,
kí n lọ wọn ìdàgbàsókè wá.
Ọ̀gá wa, Sagimbai, ti ya ọdún márùn-ún sára ògiri ọ́fíìsì:
ọfà aláwọ̀ ewé kan tó ń gòkè, tó ń gòkè,
tí kò dúró mí rárá,
bí ẹni tí kò gun òkè rí.

Èmi gun òkè.
Wákàtí mẹ́fà, òjò dídì dé orúnkún ẹṣin,
lójú ọ̀nà tí ìwé wa pè ní ọ̀nà ọ̀dà.
Ọ̀dà ti tán tipẹ́ lẹ́yìn mi,
níbi tí owó ti tán,
òpó kìlómítà kan ṣoṣo nàró síbẹ̀
bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró de bàbá rẹ̀.

Ilé kìíní, Ìyá Burulkan.
Ọjọ́ orí? Ó ní kí n kọ èyí tó bá wù mí.
Ọmọ mélòó lẹ bí?
Ó wò mí, ó yíjú sí ààrò.
Ojú tì mí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,
fọ́ọ̀mù ni kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.
Nígbà tó yá ló ní:
“Àwọn tó wà ní Mọsko ń kó òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹlẹ́nu ọ̀nà.
Wo tèmi níta.”
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: owó ń wá láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìlà kẹtàdínlógún: iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?
“Iṣẹ́ kẹ̀? Mi ò ṣiṣẹ́. Ilé ni mo wà.”
Bó ti ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ irun àgùntàn tútù mọ́lẹ̀,
ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń tẹ̀ ẹ́ kó lè di ẹní;
ó ti fún wàrà màálù mẹ́rin kí n tó dé,
ó ti pọn omi lódò lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí lórí ìlọ́po méje.
“Méje lọ́nà mẹ́jọ! Mo ní mélòó?”
Mo wá ibi tí mo lè kọ ọ́ sí.
Kò níṣẹ́ ló wà níbẹ̀.
Bírò mi kọ̀, ó ń ya ìwé.
Ẹ má pè é ní iṣẹ́ ìyanu, òtútù ló mú yíǹkì.
Mo mí sí i lẹ́nu, mo fa àmì náà.

Ilé Turdakun, ẹ̀rọ tí ń mú wàrà tutù,
ẹ̀bùn ètò àná, funfun, ó ń dán.
Iná kò dé ibẹ̀. Adìẹ ń sàba nínú rẹ̀.
Nínú ìròyìn wa, ó wà lábẹ́ àṣeyọrí.
Turdakun rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un:
“Ọmọ mi, ta ló sọ fún wọn pé òtútù ló wọ́n wa?”

Mo padà dé. Sagimbai ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó dúró níbi tí mo kọ ìkọkúkọ sí etí ìwé:
omi, wàrà, ẹní, ìlọ́po méje.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Ìyá mi náà ń tẹ irun àgùntàn,” ló wí,
lẹ́yìn náà, “Kọ̀ǹpútà kò mọ etí ìwé.”
Kò pa á rẹ́. Kò sì tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ìyá Burulkan ti fún mi ní ẹní kékeré kan,
kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ gàárì, nítorí ọ̀nà jìn.
Mi ò san kọ́bọ̀. Kò gbà.
Ó wà lórí àga mi báyìí, ó nípọn, ó ń rùn bí àgùntàn,
òun ni mo jókòó lé
tí mo fi ń ro iye àwọn tí kò níṣẹ́ pọ̀.