Ẹlẹ́rìí Méjì Nínú Kànga

Ẹ má tíì pè mí ní wèrè, ẹ̀yin ará àdúgbò.
Kànga ilé wa ti gbẹ láti ọdún tí rélùwéè ti dákẹ́,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógójì, àpáta nísàlẹ̀,
mo sì ní ohun tí mo fẹ́ kà níbẹ̀.

Ràkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń pa ẹ̀fọn ni mo tú,
mo yọ iná inú rẹ̀, iná tó ń ta bí àkekèé,
mo fi bọ́ ọ̀pá onígíláàsì méjì
tí mo rà lọ́wọ́ ará Ìbàdàn kan tí kò mọ ohun tó tà.
Agolo mílíìkì nilé wọn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin.
Sọ́dà jó mi níka, mo ki ìka bọ ẹnu.
Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.

Làsísì agbẹ́kànga ló di okùn mú.
Ó ní, "Kí lò ń wá? Omi?"
Mo ní rárá.
"Wúrà bíi ti Iléṣà?" Rárá.
"Kí ló wá kù nínú ilẹ̀?"
Mo ní ohun tó ti òkè wá ni.
Ó wo ojú mi, ó wo ojú ọ̀run,
ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún okùn so.

Níbi tó jìn ju ibi tí oṣù ń sùn lọ,
ìràwọ̀ kan fọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́.
Èérún rẹ̀ ti ń sáré láti ìgbà tí Òṣogbo ṣì jẹ́ igbó,
ó kọlu afẹ́fẹ́ lókè orí wa, ó bímọ,
ọmọ tí ń kú kí a tó ṣẹ́jú;
síbẹ̀ ó gba páànù kọjá, ó gba àjà,
ó gba orí ẹni tó ń sùn, ó gba bẹ́ẹ̀dì,
kò kí ẹnikẹ́ni,
ó wọlẹ̀ lọ.

Ọ̀pá kan ṣoṣo a máa purọ́.
Àpáta fúnra rẹ̀ ń kùn,
ó ń ju nǹkan wẹ́wẹ́ lù ú bí ọmọ aláìgbọràn.
Ìdí nìyí tí mo fi to méjì léra:
bí tòkè bá ké tí tìsàlẹ̀ dákẹ́, mi ò kọ ọ́.
Bí méjèèjì bá ké lẹ́ẹ̀kan náà,
nǹkan kan ti kọjá.
Mo fi bírò fa igi kan.

Lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá:
igi méjìdínlógójì.
Nísàlẹ̀, ojú ọ̀run kéré bíi tọ́rọ̀ lórí mi.
Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì.
Ìṣẹ́jú kìíní, kò sí. Èkejì, kò sí.
Mo gbọ́ àyà mi. Mo gbọ́ Làsísì tó ń wúkọ́.
Ẹ̀kẹta,
kó.

Ìwé tí mo fi ń kọ ọ́, ti bàbá mi ni.
Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, ẹni tí ń ju àsíá ní rélùwéè,
ọdún mọ́kànlélógún ló fi kọ àkókò ọkọ̀ tó kọjá tí kò dúró:
*aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú méje, ọkọ̀ màlúù láti Kánò.*
Kò rójú ẹnì kankan nínú rẹ̀ rí, ó ṣáà ń kọ ọ́.
Inú àgbàlá yìí ló sùn sí, lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí a kùn ní funfun,
kò tilẹ̀ jìn tó mi.
Ohun tó bá ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Mi ò ní ó ń gbọ́.
Mo ní ó ń dé ibẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, Làsísì ní, "Mélòó?"
"Mẹ́rin."
"Mẹ́rin kí ni?"
Mo wá ọ̀rọ̀ tì, mo bá tọ́ka sókè.
Ó na àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀,
ó dúró bẹ́ẹ̀, pẹ́, kò sọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ó yí ọwọ́ ọ̀hún sí mi:
"Ó dáa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náà ni owó iṣẹ́ mi."