Mọ́ńdè Kì Í Ṣe Èèyàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tá a ti gbéra.
Èmi Lindsay ni mo wa Tòyótà,
Màmá Àgbà jókòó síwájú, ó gbé bàtà lé itan,
ó ní ẹsẹ̀ òun fẹ́ gbọ́ ohùn ilẹ̀ ṣáájú ohùn lọ́yà.
Igba kìlómítà eruku pupa,
wáyà ẹlẹ́gùn-ún lọ́tùn-ún, wáyà ẹlẹ́gùn-ún lósì,
màlúù ń wò wá bí ẹni pé àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Kóòtù ti tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi létí odò Wirrin.
Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ń ṣẹ́jú. Adájọ́ ń nu òógùn.
Lọ́yà ìjọba kò le koko, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù:
"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ bàbá yín?"

Màmá wo odò.

Níbi tiwa, a kì í pe òkú lórúkọ.
A máa ń bo orúkọ náà mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń fi eérú bo iná,
kí ẹni tó ń lọ má bàa bojú wẹ̀yìn.
Lọ́yà kọ nǹkan sínú ìwé. Mo yọjú wò ó.
Kò mọ̀, ló kọ.

Kò mọ̀ kẹ̀!
Obìnrin tó mọ ibi tí omi sá pamọ́ sí lábẹ́ yanrìn,
tó mọ àpáta tí ìyá rẹ̀ dì mú lọ́jọ́ tó bí i!

Wọ́n wá gbé ìwé oko màlúù jáde, ìwé àádọ́rin ọdún,
ikán ti jẹ etí rẹ̀.
"Mọ́ńdè: ìyẹ̀fun, ṣúgà, tíì, tábà. Owó iṣẹ́: kò sí."
"Ṣé Mọ́ńdè yìí ni bàbá yín?"
Màmá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ nìyẹn.
Mọ́ńdè kì í ṣe èèyàn. Ẹ pè é bó ṣe wù yín."

Omi ojú náà kò wá dá mọ́.
Ó sọ ti àbúrò rẹ̀ tó pupa díẹ̀,
bí ìyá wọn ṣe ń fi èédú pa á lára láràárọ̀
nítorí ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin tó ń kó ọmọ.
Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tọrọ òjò.
Ọjọ́ tí ọlọ́pàá dé gan-an lòjò rọ̀.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ nu òógùn abíyá rẹ̀,
ó fi pa ọwọ́ adájọ́, lẹ́yìn náà ti lọ́yà,
kí odò lè mọ òórùn àlejò, kó má bínú.
Ó wá ké sí odò ní èdè tí ògbufọ̀ kò lè túmọ̀ tán.
Afẹ́fẹ́ àti eṣinṣin ni ẹ̀rọ wọn gbà sílẹ̀.

Ọdún kẹrin rè é, ìdájọ́ ṣì ń bọ̀.
Wáyà ṣì wà níbi tó wà.
Lẹ́tà dé lánàá láti kóòtù:
kí n kọ orúkọ olóògbé tó jẹ́rìí létí odò,
kí wọ́n lè parí fáìlì.
Ẹ wo ewì yìí dáadáa, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo gbé omi tíì kaná.
Ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò tíì fèsì.