Aláǹgbá Tó Ń Jáde

Aago méjì òru kọjá ní Ìdó-Èkìtì.
Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ bí àgbàlagbà tí ọyẹ́ mú,
èmi àti fíríìjì nìkan ló ṣẹ́kù sí yàrá àyẹ̀wò.
Nọ́ọ̀sì gbé ìgò wá, kò ju ìka ọmọńdinrín mi lọ,
omi inú rẹ̀ mọ́ gaara
bí omi tí a pọn kí ẹran tó dé odò.

Fámúrewá ni wọ́n kọ sí i lára. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
Gẹdú ló já lórí ọkọ̀ níbi ìlagi ní Ìlawẹ̀,
ó gbá a lórí lọ́jọ́ Ẹtì. Àìkú la wà yìí,
kò tíì pe ẹnikẹ́ni lórúkọ.
Wọ́n ya fọ́tò orí rẹ̀ kí dókítà tó fi abẹ́rẹ́
tọrọ ẹ̀kán díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ojú lásán kò rí nǹkan kan nínú omi yìí.
Ṣùgbọ́n gbogbo yàrá inú ọpọlọ ló ní ààrò tirẹ̀;
ẹ́ńsáìmù ló ń dáná níbẹ̀ tọ̀sán-tòru,
kì í jáde, kì í kí aládùúgbò.
Bí o bá bá ààrò ẹlòmíràn lójú títì,
má bèèrè bóyá ilé rẹ̀ ṣì dúró.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́.
Ògiri ti lanu,
àmọ́ aláǹgbá tèmi kò wọlé:
ó ń jáde ni.
Mo jókòó, mò ń ka aláǹgbá.

Ẹ̀rọ kùn. Ó pọ bébà.
Ìlọ́po mẹ́fà ohun tó yẹ.
Mo tún un ṣe, torí ọwọ́ mi lè ṣìṣe,
torí mo fẹ́ kó ṣìṣe.
Mẹ́fà náà ni. Ó lé díẹ̀.

Lóde, ìyá rẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù,
ó di bàtà ọmọ náà mọ́ àyà, ẹsẹ̀ kan péré.
"Omi ọ̀hún ńkọ́? Kí ló wí?"
Iye ni mo mọ̀, mi ò mọ ọ̀la.
Omi lè sọ bí ògiri tó wó ti pọ̀ tó,
kò lè sọ ẹni tó ṣì ń mí lábẹ́ àwókù.
Mo ní, dókítà ni yóò bá yín sọ̀rọ̀, mà.
Ohùn mi kò dún bí tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgò mìíràn.
Mẹ́rin, ó dín díẹ̀.
Mi ò rẹ́rìn-ín.
Mo kàn kọ òǹkà náà gàdàgbà,
kí ẹni tí omi bo ojú rẹ̀ lè rí i kà.