Owó Ẹsẹ̀

Orúkọ tí ìyàwó mi sọ ọ́ nìyẹn, owó ẹsẹ̀.
Bí oṣù bá ti ń parí lọ, á na ọrùn láti ìdí ààrò:
"Ṣé ẹsẹ̀ ti wọlé?"
Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹsẹ̀ fi ń wọlé
láìtẹ ilẹ̀.

Lẹ́tà wá dé láti Ìlọrin.
Múnírátù ọmọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rẹ ohùn sílẹ̀
bí ẹni tó ń túfọ̀ fún aláìsàn:
pé mo ti pé ọgọ́ta,
pé owó ẹsẹ̀ ti dópin, owó ìfẹ̀yìntì ló kù,
ẹnìkan kì í gba méjèèjì.

Mo kúrò l'Ómù-Àrán kí ilẹ̀ tó mọ́.
Bọ́ọ̀sì gba ojú ọ̀nà tí à ń ṣe
lọ́jọ́ tí gíréédà fi ẹ̀yìn rìn.
Mo ti pinnu pé n kò ní wojú fèrèsé.
Mo wò ó.
Wọ́n ti da ọ̀dà tuntun lé e, ó ń dán.

Akọ̀wé náà, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé,
ti fún mi ní àga kí n tó kí i tán.
"Baba, ẹ má bínú,
owó yín kò sọnù, orúkọ ló yí padà.
Lójú ìwé, ẹ kì í ṣe aláàbọ̀ ara mọ́.
Àgbàlagbà ni yín báyìí."

Mo wo ìsàlẹ̀.
Ẹsẹ̀ ṣòkòtò apá òsì ṣì wà ní kíká,
pẹ̀lú pínnì tí Sìfáwù fi há a láàárọ̀.
Kò sí ohun tó hù níbẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi?
Ìyá mi ní ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo ni.
Tísà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí n fi kan etí òsì.
Kò kàn án. Wọ́n lé mi padà sílé.
Lọ́dún kejì ó kàn án,
tísà bá kọ ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, sínú ìwé.
Ọjọ́ tó jáde láti ẹnu báírò
ni wọ́n fi gé owó mi.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ náà kò pé ọgọ́ta o.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni
nígbà tí àbúrò mi fi aṣọ wé e,
tó sin ín sábẹ́ igi kaṣú lẹ́yìn ilé.
Kò mọ làkúrègbé. Kò rí ewú.
Mo sọ èyí fún akọ̀wé.
Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í.
Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí.

Làmídì tí a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà,
iye kan náà la ó jọ máa gbà báyìí.
Ó wá bá mi yọ̀ pé a ti dọ́gba.
Àtẹ̀gùn iwájú ilé mi, méjì méjì ló ń gùn ún.

Ohun tí wọ́n yọ kò pọ̀, wọ́n ní.
Ó tó rúbà ìdí ọ̀pá méjì,
rúbà tó ń jẹ tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún,
tí kò mọ̀ pé mo ti dàgbà.
Sìfáwù ní bí a ò bá rí àdán, ká fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.
Mo ní òòbẹ̀ ọ̀hún, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?

Oṣù parí. Fóònù dún.
Ó na ọrùn láti ìdí ààrò, ẹnu ti mọ́ ọn lára:
"Ṣé ẹsẹ̀ ti wọlé?"
Mo ní, "Ogbó ló wọlé."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ọ̀pá mi kúrò lọ́nà,
òun fẹ́ gbálẹ̀.