Ẹ̀yìn Ọ̀rọ̀

Ògiri páálí kan ló là wọ́n láàárín ní Ìsọ̀kùn,
Ìyá Adérónbí tó ń ránṣọ,
Bàbá Fápohùndà tó ń tún aago ṣe.
Ọmọ iṣẹ́ ìyá ni mí. Mo sì máa ń pẹ́ dé.

Bí mo bá yọ ní agogo mẹ́wàá, ìyá a bọ́ jígí ojú:
"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi. Ṣé kí n gbé àga fún yín?
Ariwo ẹ̀rọ wa kò jí yín lójú oorun, àbí?"
Àwọn oníbàárà a bú sẹ́rìn-ín,
etí mi a gbóná bí áyọ́ọ̀nù eléèédú.
Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ mi ń bẹ lábẹ́ tábìlì,
ó fi ọmọrí dé e, àkàrà méjì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá kì í ṣẹ̀fẹ̀.
Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.
Iná dé: "Wọn á mú un."
Ọkùnrin kan fẹsẹ̀ rìn padà láti Ìfọ́fín
torí igba náírà tó lé nínú ṣéńjì rẹ̀;
bàbá gbowó, ó wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀:
"Nǹkan ló ń wá."
Baba ńlá rẹ̀ ṣe òṣómàálò dé Ọ̀fà,
ó lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí orúnkún fi kọṣẹ́.
Ìwé gbèsè náà ṣì wà nínú àpótí,
orúkọ àwọn òkú, sílè àti kọ́bọ̀ tí ẹnìkan ò san.
"Ọmọ aráyé nìyẹn," ni bàbá ń wí.

Mo ti rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n,
ẹnu kíkan, inú kíkan.
Àfi Tọ́sìdeè tí mo wọlé lọ́sàn-án gangan,
tí ìyá kò gbójú sókè:
"O ti dé."
"O" lásán. Kò sí ọ̀gá, kò sí àga.
Ẹ̀rù bà mí ju kòbókò lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ń gún ni lára ní ẹ̀yìn;
ẹni tó ṣì ń retí rẹ ló ń dojú rẹ̀ dé
kí o lè bá a ṣí i.
Ti bàbá kò ní ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbálẹ̀ ni mo fi pàdé wọn.
Ìyá bọ́ jígí: "Hẹ̀ẹ́n! Ta ló kú?"
Ó kù díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá láti ihò páálí,
kí ọjà tó ṣí, ó to àwọn aago tí olówó wọn pa tì,
ó ń nù wọ́n, ó ń yí wọn létí
títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń sọ̀rọ̀.
"Wọn ò ní wá mọ́," ló ń wí fún wọn,
ó sì ń gbé ìkejì.