Ìka Méjì

Aago márùn-ún ààbọ̀. Ìsàlẹ̀-Àfọ́n kò tíì jí tán.
Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí ẹ̀rọ ìránṣọ,
mo tẹ́ ẹní,
mo sì kọ ẹ̀yìn sí ọmọbìnrin kan
tí n kò fojú kàn rí. Ìbàdàn ló wà.
Ó ní, "Ẹ mí, mà. Ẹ darí èémí sí ibi tó jìn kòtò."
Mo ní, ṣé èémí mọ̀nà ibẹ̀ ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣáà rán an níṣẹ́."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ fún àwọn tí ẹ̀yìn wọn tọ́.
Tèmi, èjìká ọ̀tún fi ìka méjì ga ju òsì,
ìdí rèé tí mo fi ń gé bùbá ara mi
ní apá kan gùn, apá kan kúrú.
Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, ó wọ́;
ẹ wò ó lára mi, ó gún régé.
Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi àlùmọ́gàjí mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò eegun mi, mo wò ó títí.
Ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni, kọ́lọkọ̀lọ,
bí awakọ̀ ṣe ń yà fún kòtò.
Dókítà Àtìlọlá kò purọ́ fún mi.
Ó ní igi tó ti gbó kì í tọ́ mọ́,
ṣùgbọ́n a lè bẹ̀ ẹ́ kó má wọ́ jù báyìí lọ.

Nẹ́tíwọ̀kì já.
Ọwọ́ mi ṣì wà lára férémù ilẹ̀kùn, ìhà mi nà gbọọrọ,
ojú rẹ̀ dì sórí gíláàsì, ẹnu là sílẹ̀ lórí "ẹ m—".
Máńgòrò kan já lu páànù. Gbòà!
Mo mí. Mo tún mí.
Nígbà tó padà dé: "Ẹ ṣì wà níbẹ̀, mà?"
Níbo ni kí n gbé ẹ̀yìn yìí lọ?

Ìyá Àtóókẹ́ gbọ́ "ọ̀kan, èjì, ẹ dúró" láti ẹ̀yìn ògiri,
ó ṣebí àdúrà òwúrọ̀ ni.
Ó ké wọlé: "Ẹ̀yìn rẹ á dára o!"
Mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì,
ọ̀kan fún ọjọ́ alẹ́, ọ̀kan fún eegun.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, mo fa téèpù.
Ìka méjì náà ni. Kò dín, kò lé.
Mo gé bùbá tuntun, mo tún jẹ́ kí apá kan gùn ju ìkejì;
ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n lu agogo ilé-ìwé àárọ̀
títí wọ́n fi lu ti ìsinmi,
n kò dìde di ìbàdí mú.
Mo jókòó, mo rán an tán.